Ibi Tí Dámilọ́lá Dúró Sí

Òórùn tùràrí kan tí mo gbọ́ l'Ájah láàárọ̀ yìí ló rán mi létí ọ̀sán Sọ́ńdè kan ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun wa n'Ílàsan. Lọ́tùn-ún ni ọkùnrin ń jókòó, lósì ni obìnrin. Àárín ni Dámilọ́lá, tó ń kọ́ àwa ọmọdé lórin, dúró sí.

“Ọkùnrin ni ẹ́ àbí obìnrin?” Wòlíì jágbe mọ́ ọn.

“Bàbá, èmi kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.”

Ni ìyá àgbà mi, tí kì í jẹ́ ká rẹ́rìn-ín níbẹ̀, bá gbé àga wọn, wọ́n lọ jókòó ti Dámilọ́lá.

“Ọmọ wa ni. Ẹ máa bá ìsìn lọ.”

Mo lanu sílẹ̀. Mo rò pé fáànù ni wọ́n ń wá lọ. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé ìjọ gba oyè Ìyá Ìjọ lọ́wọ́ wọn lọ́sẹ̀ yẹn, ìyá àgbà ò sì bẹ ẹnikẹ́ni.