Dókítà Oníwà Tútù

Ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n máa ń yin dókítà tó tọ́jú ọkọ mi pé oníwà tútù ni. Òótọ́ ni, n kò gbọ́ kó pariwo rí. Ìka ló máa ń nà sókè. Bí nọ́ọ̀sì bá fẹ́ sọ̀rọ̀ aláìsàn fún un, ó gbọ́dọ̀ tò ó lẹ́sẹẹsẹ: ta ni, kí ló ti ń ṣe é bọ̀, kí lo rí, kí lo fẹ́ kí n ṣe. Ètò tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì í sọ yóò padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

Lọ́sàn-án tí èémí ọkọ mi ń ṣe ségesège, nọ́ọ̀sì sáré bá dókítà lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ara bàbá yìí ń bà mí lẹ́rù."

Ìka nà. "Mi ò bi ọ́ ní ti ẹ̀rù. Tún un bẹ̀rẹ̀."

Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ó fo ọ̀kan. Ìka tún nà.

"Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wò ó," ni mo wí láti ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọkọ mi.

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Màmá. Iṣẹ́ ni mò ń kọ́ ọ."

Nígbà tó máa fi dé ìdí bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ ọkọ mi tí mo dì mú kò dì mí mú mọ́. Dókítà yíjú sí nọ́ọ̀sì, ó bi í pé kí ló dé tí kò tètè pè é.