Àyẹ̀wò kan ṣoṣo ló kùnà

Wọ́n pa aládùúgbò mi lónìí, wọ́n sì ń pè é ní àmúwá Ọlọ́run.

Yàrá kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi kan ní Wharf Road ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Kọ̀ǹpútà yìí ló ń yan kireni tó máa gbé ẹrù kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ètò rẹ̀ kọ ni, torí ìjọba ní ká má fi pọ́n-ùn wọn ẹrù mọ́, ká máa lo kílò. Mo ti kọ àwọn àṣẹ kan sínú ẹ̀rọ. Tí mo bá ti tẹ orúkọ wọn, gbogbo àyẹ̀wò tó ń wò bóyá ètò náà péye á máa lọ fúnra wọn tẹ̀léra.

Láàárọ̀ yìí, ọ̀kan kùnà. Ètò tuntun náà ń ka kílò bíi pọ́n-ùn, ẹrù wúwo wá di fífúyẹ́ lójú rẹ̀.

Mo sáré bá ọ̀gá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n lò ó."

"Mélòó ló kùnà?"

"Ẹyọ kan, sà."

"Ìyẹn náà lo ń sáré sí? Ọkọ̀ ń dúró, jàre. Ẹ máa bá iṣẹ́ lọ."

Lọ́sàn-án, kọ̀ǹpútà ní kí kireni kékeré gbé ẹ̀rọ ńlá kan. Wáyà rẹ̀ já, ẹ̀rọ náà sì wó lu Bùràímọ̀, òṣìṣẹ́ tó ń kó ẹrù nísàlẹ̀, tá a jọ ń gbélé ní Ajégúnlẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló kú.

Ọ̀gá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Wáyà ló já o. O ò rí nǹkan kan."

Ní báyìí, mò ń gbọ́ ẹkún ìyàwó Bùràímọ̀ láti yàrá mi. Ó ń bi gbogbo èèyàn pé báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sọ fún mi: tó bá jẹ́ ẹ̀yin ni, ṣé ẹ ó lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀?