Ọjọ́ Tí Mo Kọ́ Iṣan Ọrùn

Nígbà tí mo kéré, tí mi ò tíì ga ju ìkòkò omi ẹnu ọ̀nà wa lọ, ọ̀dọ̀ ìyá tó bí ìyá mi ni mò ń gbé ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní ilẹ̀ Ashanti. Ẹ̀yin àbúrò mi lè máa rẹ́rìn-ín pé kí ló dé tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde yunifásítì ń sọ̀rọ̀ bí àgbà. Ẹ má bínú. Ohun tójú mi rí ló dàgbà jù mí lọ.

Ìyá àgbà ló máa ń wẹ òkú àwọn obìnrin fún àwa Yorùbá àdúgbò náà. Bí obìnrin kan bá kú láàárọ̀, kí oòrùn tó wọ̀, wọ́n ti sin ín. Èmi ni mo máa ń pọn omi. Aṣọ kì í kúrò lára òkú; abẹ́ aṣọ ni ọwọ́ Ìyá ń gbà. Ọ̀tún ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ wẹ̀ kó tó kan òsì, wọ́n á sì máa bá òkú sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún: "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó. A ti fẹ́ parí." Nígbà tí mo tó ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, wọ́n mú mi wọlé, wọ́n sì kọ́ mi. Wọ́n ní, "Ìwọ lo máa wẹ èmi náà. Mi ò fẹ́ ọwọ́ líle lára mi." Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí, méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun lé èèyàn lọ́wọ́.

Nígbà tó yá, mo wọ yunifásítì, mo gba yàrá ní Ayigya nítòsí ilé ìwé, mò ń kọ́ iṣẹ́ àwọn tó máa ń tọ́jú iṣan àti oríkèé aláìsàn. Lọ́dún kejì, wọ́n kó wa wọ yàrá tí wọ́n ti ń la òkú, ká lè mọ iṣan orí, ti ọrùn, àti ti àyà, ẹ̀yìn àti ikùn. Obìnrin àgbàlagbà kan ló wà lórí tábìlì wa. Wọ́n fún àwa mẹ́rin ní apá òsì, àwọn mẹ́rin mìíràn ló ni apá ọ̀tún. Ó kàn mí láti ṣí iṣan ọrùn, èyí tó ti ẹ̀yìn etí sọ̀kalẹ̀ wá sí òkè àyà, tó ń jẹ́ ká lè yí ojú. Mo mú ọ̀bẹ. Ọkàn mi ti fò lọ sílé, sọ́dọ̀ Ìyá. Kí n tó mọ̀, ọ̀tún ni mo ti gé, mo sì ti gé iṣan náà já.

"Ei, Alata!" Ọmọ Ashanti kan nínú àwọn tó ni apá ọ̀tún ló pariwo bẹ́ẹ̀, orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá nìyẹn. "Tiwa lo bà jẹ́ yẹn! Ṣé wọn kì í kọ́ yín ní òsì ní Zongo ni?" Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Olùkọ́ wa ní tiwọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní mi ò ní gba máàkì kankan fún iṣẹ́ yẹn, bí mi ò bá sì yege nínú ìdánwò ìparí, màá tún ọdún náà kà. Mi ò lè sọ ìdí tí ọwọ́ mi fi lọ sí ọ̀tún fún wọn. Ojú tì mí, ó sì ń ṣe mí bíi pé mo ti dalẹ̀ Ìyá, pé ọwọ́ tí wọ́n kọ́ ní wíwẹ̀ ni mo fi gé òkú.

Mo lọ sọ fún Ìyá. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. "Ọ̀tún náà mà ni! Àwọn ni ò mọ̀ ọ́n." Lẹ́yìn náà, wọ́n bi mí pé, "Ta ló wẹ obìnrin náà?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Kí lorúkọ rẹ̀?"

"Nọ́ńbà ni wọ́n kọ sí i lẹ́sẹ̀."

Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Láti ọjọ́ náà, wọn ò dárúkọ wíwẹ̀ sí mi mọ́. Mo gbà lọ́kàn mi pé wọn ò fẹ́ ọwọ́ mi mọ́. Ó dùn mí gan-an, àmọ́ mi ò bi wọ́n. Ẹ̀rù ìdáhùn ló ń bà mí.

Mo kàwé bí ẹni tí wọ́n ń lé. Nínú ọkọ̀ trotro, màá máa fọwọ́ tẹ ọrùn ara mi, màá máa ka orúkọ iṣan kọ̀ọ̀kan, títí obìnrin kan fi ní kí n lọ ra oògùn bí ọrùn bá ń dùn mí.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, a ti tò sẹ́nu ọ̀nà nígbà tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi pè mí lórí fóònù. Wọ́n ní, "Ìyá ti lọ. Máa bọ̀."

Mo ní, "Màmá, ìdánwò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àwọn ìyá tó kù wẹ̀ wọ́n. Mò ń bọ̀ wá bá yín." Ẹni tó ń ṣọ́ wa pàṣẹ pé ká pa fóònù, mo sì pa á. Mo rò pé wákàtí kan ni. Ìdánwò náà pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ó tún pẹ́ kó tó parí.

Nígbà tí mo fi máa délé, wọ́n ti wẹ Ìyá, wọ́n sì ti fi aṣọ funfun di òkú wọn. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ò bú mi. Wọ́n ní, "Ìyá sọ fún wa pé kí ẹnikẹ́ni má wẹ àwọn àfi ìwọ. Mo fẹ́ sọ fún ọ, o ti pa fóònù. A dúró, a dúró, títí Àfáà fi ní ó tó gẹ́ẹ́, kí òkú má pẹ́ nílẹ̀."

Mo lè dárúkọ gbogbo iṣan tó wà lábẹ́ aṣọ funfun yẹn. Mi ò lè fọwọ́ kan ọ̀kankan.

Mo yege. Láyé àwọn ìyá wa, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gbé irú ìròyìn yìí wá. Ẹni tó gbé e wá á wo ojú rẹ, á dì ọ́ lọ́wọ́ mú, á fà ọ́ lọ sílé; ibi yòówù kó o wà, kò ní béèrè bóyá o ráyè. Kò sẹ́ni tó wá fà mí. Fóònù ló sọ fún mi, fóònù náà ni mo sì pa.