Dókítà Tí Kò Lábẹ́rẹ́

"Ìyàwó wa, orúkọ tí ẹ sọ mí yìí yóò pa ọmọ ọlọ́mọ."

Àbúrò ọkọ mi ló kìlọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwa ìyàwó ilé kì í pe orúkọ rẹ̀. Dókítà la sọ ọ́, nítorí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ìrònú ọkàn ènìyàn tó ń lé ní Ìlú Òyìnbó. Bí a bá bi í pé ṣé ó ti gbà á, á fọwọ́ pa irùngbọ̀n: "Mo ti ṣe ìdánwò. Ó ku ìwádìí tí mo wá ṣe nílé, ó ku kí n kọ ìwé rẹ̀."

A ó ní, "Dókítà tí kò lábẹ́rẹ́!"

Láàárọ̀ àná, ìyá kan gbé ọmọ tí gìrì mú wá láti Àtòsin. Ó kọjá ilé ìwòsàn, ó wólẹ̀ níwájú Dókítà wa, nítorí ó ti gbọ́ pé dókítà wà nílé wa. Àbúrò ọkọ mi gba ọmọ náà, ó sáré gbé e padà sí ilé ìwòsàn. Ọmọ náà kò tíì lajú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ìyá, ilé ìwòsàn ni kí ẹ máa gbé ọmọ lọ.