Obì Àárín Oko

Ìlú le koko bí ojú ẹja láwọn ọdún SAP, nígbà tí ìjọba já iye náírà lulẹ̀. Ọjà kò ṣeé yà sí. Leah Bísọ́dún, ọmọ Oǹdó tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà l'Ákùúrẹ́, lọ sí Oda lẹ́bàá ìlú náà, ó bẹ Bàbá Ọlọ́runníyì, onílẹ̀ kan níbẹ̀, fún ilẹ̀ díẹ̀. Bàbá yá a, ó ní kó máa gbin oúnjẹ rẹ̀ níbẹ̀.

Orúnkún Leah kò gba ebè kíkọ lọ́dọọdún mọ́. Ohun tí a ń gbìn lẹ́ẹ̀kan, tí yóò máa so lọ, ló wá: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, ewúro, ọsàn, píà, àgbálùmọ̀. Ó fi kókò sábẹ́ òjìji wọn. Kò dáná sun ilẹ̀. Gbogbo ewé tó já ló ń kó bo ìdí irúgbìn, kí ilẹ̀ má baà gbẹ.

Ewé yẹn ló dá wàhálà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń fi ewé bo oko l'Oda. Leah bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé ẹnìkan ń tú ewé náà, ó sì ń tún un tò, ṣùgbọ́n kì í ṣe bí òun ṣe tò ó. Bó bá kí àwọn ará oko, wọ́n á dáhùn, wọ́n á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wo ọwọ́ wọn.

Lọ́jọ́ kan, ó bá Rufus, ọmọ Bàbá, tó ń fi àdá tú ewé.

"Rufus, kí lo sọ nù?"

"Mo ní kí n wò ó bóyá kòkó lẹ fi pa mọ́ síbẹ̀ ni, mà. Ẹ̀yin ará Oǹdó, ẹ kì í fi ilẹ̀ ṣeré."

"Àgbálùmọ̀ nìyẹn."

"Àgbálùmọ̀ kì í ṣe igi ni? Ta ló sọ fún yín pé ẹ óò wà níbí títí yóò fi so?"

Ọmọ olóko kòkó ni Leah náà. Ó mọ̀ pé ẹni tó yá ilẹ̀ kì í gbin igi sí i, torí ẹni tó ni igi lónìí lè ní òun ló ni ilẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n ó ti rò pé kòkó àti obì nìkan ni òfin náà mú, pé igi eléso kò sí nínú rẹ̀. Ó rò bẹ́ẹ̀ torí pé ó wù ú láti rò bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá fúnra rẹ̀ dé. Rufus, tó tẹ̀lé e, ní kí wọ́n hú gbogbo igi náà. Leah kúnlẹ̀.

"Bàbá, èso ni mo fẹ́, n ò fẹ́ ilẹ̀. Ọdọọdún ni n óò máa gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá, lójú gbogbo ẹbí, láti fi hàn pé tiyín ni ilẹ̀."

"Tíṣà, ẹnu lẹ fi sọ ọ́. Ẹnu a máa bá olúwa rẹ̀ kú. Igi kì í tètè kú."

Ó rán Rufus lọ sílé, Rufus sì mú ọmọ igi obì kan bọ̀. Bàbá gbẹ́ ilẹ̀ láàárín ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó gbìn ín.

"Ẹ jẹ́ kí igi tiyín wà. Ẹlẹ́rìí mi nìyí pé èmi ni mo nilẹ̀. Níjọ́ tó bá kú, a óò mọ̀ pé ẹ fẹ́ gba ilẹ̀ mi, ẹ óò sì palẹ̀ ẹrù yín mọ́."

Rufus wo obì, ó wo Leah, ó rẹ́rìn-ín. Ó yé Leah: ẹni tó bá fẹ́ kí òun kúrò l'Oda, igi kan péré ló kù kó pa.

Láti ìgbà náà, bó bá dé oko, kì í kọ́kọ́ wo píà tàbí ọsàn rẹ̀ mọ́. Ìdí obì ni í lọ. Á bomi rin ín. Á bu erùpẹ̀ ìdí rẹ̀ díẹ̀, á fi ahọ́n tọ́ ọ wò, bóyá ẹnìkan ti da iyọ̀ síbẹ̀ kí igi náà lè kú.