Ìwádìí Ọkọ Màmá Mi

Òórùn kọfí ló máa ń kọ́kọ́ pàdé ẹni lórí àtẹ̀gùn ilé ọkùnrin kan ní Gowon Estate. Kì í ṣe kọfí inú agolo o. Fúnra rẹ̀ ló máa ń yan hóró rẹ̀ nínú páànù lórí sítóòfù, títí tí yóò fi dúdú bí èédú, tí èéfín á sì gba gbogbo pálọ̀. Èmi tí mo ti Ẹ̀gbẹ́dá wá á dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, màá fa imú, màá sì sọ nínú ara mi pé ẹni tó ń jó nǹkan báyìí kó tó mu ún, nǹkan mìíràn wà tó ti jó rí. Ìwọ náà ṣáà mọ̀ mí. Ìfura loògùn àgbà, èmi sì ti ń lo oògùn náà láti kékeré.

Ọkùnrin yìí fẹ́ fẹ́ màmá mi. Lẹ́yìn ikú bàbá mi ni wọ́n pàdé, ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí màmá mi ń lọ ní Ìpájà. Bàbá Pányà ni gbogbo ìjọ ń pè é, torí pé ó ti pẹ́ ní Fẹ́nándò Pó, erékùṣù tí àwọn àgbà ń pè ní Pányà, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Sípéènì, kí wọ́n tó fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn ọmọ Nàìjíríà padà wálé. Ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ni wọ́n máa ń bọ́ bàtà sí. Bí ìsìn bá parí, màmá mi á bá bàtà tirẹ̀ tí ẹnì kan ti yí i sójú ọ̀nà, kó kàn lè ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Bàbá Pányà ni. Àwọn ìyá ìjọ ní ìwà ọmọlúàbí ni. Èmi ní, kí ló ń wá nídìí bàtà ìyá oníyàá?

Yorùbá kì í fẹ́ ọkọ láìwádìí. Àmọ́ ta ló fẹ́ bá mi dé Pányà lọ béèrè bóyá ó láya, bóyá ó sá fi ọmọ sílẹ̀? Ni mo bá dá ọgbọ́n kan. Mo ní kó kọ́ mi ní èdè Sípéènì, pé ó lè wúlò lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé mi. Èrò mi ni pé bó bá ń fi èdè ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ibẹ̀ á yọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀.

Ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ látorí ìkíni. Mo ní, "Sà, ẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń sọ ohun tó ti kọjá." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó kọ́ mi ní mo jẹ, mo lọ, mo rí. Ó kọ́ mi ní àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké tó dúró fún ẹni tí a ṣe nǹkan sí, ahọ́n mi sì ń kọsẹ̀. Àwa Yorùbá á kọ́kọ́ sọ ohun tí a ṣe ká tó mẹ́nu kan ẹni tí a ṣe é sí. Àwọn á kọ́kọ́ fa ẹni náà wá síwájú. Ìyẹn bá mi lára mu, torí ẹni náà gan-an ni mò ń wá.

Àpẹẹrẹ kan náà ló sì máa ń wá sí i lẹ́nu: "La esperé. No vino." Mo dúró de obìnrin náà. Kò wá. Inú ń fu mí, ẹ̀dọ̀ ń fu mí. Lọ́jọ́ kan mo kó gbogbo ohun tí mo ti kọ́ jọ, mo fi èdè náà bi í pé ta ni obìnrin yìí. Ó gbé ife kọfí kalẹ̀. Yorùbá ló fi dá mi lóhùn.

"Lọ bi màmá rẹ."

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sáré dé Ẹ̀gbẹ́dá. Màmá mi ń fi áyọ́ọ̀nù lọ sùtánà rẹ̀, kò tilẹ̀ gbójú sókè nígbà tí mo bi í.

"Ìyàwó ẹ̀ ni jàre. Bàbá Pányà dúró dè é ní èbúté títí ọkọ̀ fi ṣí, ìyẹn ò wá, ó jókòó ti àwọn èèyàn ẹ̀. Ó ti sọ fún mi kó tó jẹ oúnjẹ mi rí. Ìwádìí ẹ ti parí, àbí ó kù?"

Ó kù. Ẹni tó dúró de obìnrin báyẹn lè padà lọ wá a. Mò ń rò ó lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn, mo sì ń kọ́ èdè náà lọ lẹ́yìn rẹ̀, kí ohunkóhun má baà jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ kó kọjá lára mi. Kò sí ohun tó jábọ́.

Ọdún gorí ọdún, àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù ú. Nígbà tí ohùn rẹ̀ padà, Yorùbá kò bá a padà. Èdè Pányà nìkan ló kù. Màmá mi kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ọkọ rẹ̀ mọ́, àfi kí n túmọ̀ rẹ̀. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, màmá mi wọlé, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá wo apá ibẹ̀ títí. "La esperé," ló wí. "Vino."

Màmá mi di ọwọ́ mi mú. Mi ò rí irú ìbẹ̀rù yẹn lójú rẹ̀ rí.

"Obìnrin ọjọ́sí ló ń pè, àbí? Má parọ́ fún mi o."

"Ó ní òun dúró dè é, ó sì wá."

"Ta ni?"

Bàbá kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọkàn aláìsàn lè ti padà sí èbúté ọjọ́ náà, kó máa rí ẹni tí kò wá bí ẹni tó wá. Ó sì lè jẹ́ bàtà màmá mi ló ń wò. Mo mọ bí mo ṣe lè bi í. Ìbéèrè náà ti dé orí ahọ́n mi, èyí tí mo bi í lọ́jọ́ kọfí yẹn gan-an. Mo gbé e mì.

"Ẹ̀yin ni, Màmi."

Màmá mi jókòó ti ọkọ rẹ̀, ó fi ọwọ́ lé ọwọ́ rẹ̀. Mo dìde, mo lọ sẹ́nu ọ̀nà, mo yí bàtà màmá mi sójú ọ̀nà. Wọ́n ní abéèrè kì í ṣìnà. Lọ́jọ́ yẹn mi ò béèrè, mi ò sì ṣìnà.