Ìpè Tí Mo Ní Kí Ọmọ Máa Jẹ́

Nígbà tí mo parí yunifásítì tí n kò tíì ríṣẹ́, mo ń kọ́ ọmọbìnrin ọlọ́dún mẹ́fà kan níwèé nínú ilé tí à ń gbé ní Òkokomáíkò. Ìyá rẹ̀ ń tajà ní Alábà. Kì í ṣe ìṣirò ló ká a lára.

"Àǹtí tíṣà, ẹ bá mi kọ́ ọ níwà. A óò pè é títí, á ṣe bí ẹni tí wọ́n fi òwú dí létí."

Mo kọ́ ọ pé bí àgbà bá pè é, kó dáhùn "Mà" lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kó sì lọ kúnlẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gbogbo ilé ti ń yìn mí. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ, bóyá nítorí pé n kò rí nǹkan mìíràn ṣe yọrí lọ́dún náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, kò sí iná, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣókùnkùn. A ń kàwé lọ́wọ́ ni ọmọ náà sọ pé, "Mà," ó sì dìde.

"Ta ló pè ẹ́?"

"Ìyá àgbà."

Ó nawọ́ sí yàrá ìkẹyìn. Ìyá àgbà tó ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti kú kí ọmọ náà àti ìyá rẹ̀ tó kó wá sílé náà. Àgádágodo ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sẹ́ni níbẹ̀. Jókòó."

"Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ní kí n má jẹ́ kí àgbà pè mí lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹta."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó ń fà bí ẹni pé ẹnìkan di ọwọ́ rẹ̀ kejì mú. Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Nílé wa, wọ́n kọ́ wa pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a kò rí, ṣùgbọ́n mo ti kà á sí ọ̀rọ̀ àwọn tí kò kàwé. Ìdajì ẹ̀kọ́ ni mo fún ọmọ ọlọ́mọ.

"Bí o kò bá rí ojú ẹni tó pè ẹ́, má dáhùn."

"Tó bá jẹ́ ohùn mọ́mì mi ńkọ́?"

"Má dáhùn."

Ó jókòó. Kò pẹ́, ohùn ìyá rẹ̀ pè é lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó wojú mi. Mo mirí. Ohùn náà pè é lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta, láìsí ìró bàtà.

Ìyá rẹ̀ gbé kọ́tìnnì sókè, ó gbé báàgì lọ́wọ́. Ọmọ náà wo ojú rẹ̀ dáadáa kó tó kúnlẹ̀.

"Àǹtí, ṣé ìwà tí mo ní kẹ́ ẹ kọ́ ọ nìyí? Mo pè é lẹ́ẹ̀kan, kò dáhùn."

Mo bẹ̀ ẹ́. N kò sọ iye ìgbà tí a gbọ́.